Nígbà tí Dókítà bá Ní Kí A Lọ Ya Àwòrán Inú Ara

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti ọbẹ̀, kì í sì í ṣe ti aṣọ rírán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ nípa ìwé pélébé kan ni, èyí tí dókítà máa ń kọ nígbà tí àkóràn líle bá ti wọ ènìyàn lára, tí yóò sì nà án sí ẹbí aláìsàn pé kí wọ́n lọ ya X-ray, tàbí kí wọ́n lọ ṣe síkáànù. Obìnrin ni a sábà máa ń na ìwé náà sí, nítorí pé obìnrin ni ó máa ń jókòó ti aláìsàn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, obìnrin náà ní láti mọ ohun tí yóò ṣe. Ṣé kí ó tú owó oúnjẹ oṣù kan sílẹ̀ ni? Ṣé kí ó kọ́kọ́ pe bàálé? Tàbí kí ó sọ pé kí wọ́n tọ́jú aláìsàn ná, pé àwòrán lè dúró?

Mo ti bá àwọn dókítà mélòó kan jíròrò lórí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ti ka ohun tí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ wọn kọ. Ohun tí ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé àwọn fúnra wọn kò fi ohùn kan sọ̀rọ̀. Ẹnì kan ní kí a ya àwòrán kíákíá, ẹlòmíràn ní ìdádúró ni, ẹ̀kẹta ní ó sinmi lórí ibi tí àkóràn náà fara pamọ́ sí. Bí àwọn tí ó kọ́ iṣẹ́ náà bá ń jiyàn, kò yẹ kí á bá ìyá tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù wí pé kò mọ èyí tí yóò ṣe.

Kí á tó dé orí àwòrán, ẹ jẹ́ kí á mọ irú àìsàn tí à ń sọ. Nígbà tí kòkòrò àìfojúrí bá wọ ara, ara a máa dìde láti bá a jà. Nígbà mìíràn, ìjà náà a dàrú, ara a wá máa ṣe ara rẹ̀ léṣe: kíndìnrín kò ní ṣe ìtọ̀ mọ́, èémí yóò máa yára, ọkàn yóò dàrú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yóò sì lọ sílẹ̀. Èyí ni àwọn dókítà ń pè ní sepsis, tí àwa ń sọ pé májèlé ti wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìṣirò kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2020 fi hàn pé ní ọdún 2017 nìkan, ó tó nǹkan bí mílíọ̀nù 49 ènìyàn tí irú àìsàn yìí kọlù káàkiri ayé, mílíọ̀nù 11 nínú wọn ni ó sì kú. Ìyẹn túmọ̀ sí pé nínú ènìyàn 5 tí ó kú ní ọdún náà, ọ̀kan ni ó bá irú àìsàn yìí lọ. Ilẹ̀ Áfíríkà ní ìhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó pọ̀ sí jù, àwọn ọmọdé àti àwọn ìyá ọmọ sì wà lára àwọn tí ó ń jìyà rẹ̀.

Àwọn baba wa ní kòkòrò tí ń jó lójú omi, onílù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ odò. Ibà tí ẹ fi ọwọ́ kàn lára aláìsàn, kòkòrò tí ń jó ni. Onílù lè jẹ́ ọyún tí ó kójọ sínú ẹ̀dọ̀, tàbí ìfun tí ó lu, tàbí kíndìnrín tí òkúta dí ojú ọ̀nà rẹ̀ tí ìtọ̀ ń jẹrà lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn apakòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbà rìn. Ẹ̀jẹ̀ kì í sì í ṣàn wọ inú ọyún tí ó ti ṣe àpò fún ara rẹ̀. Nítorí náà, a lè máa gún abẹ́rẹ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá, kí onílù máa lùlù rẹ̀ lọ. A ní láti fa ọyún náà, tàbí kí a gé ohun tí ó jẹrà, tàbí kí a ṣí ọ̀nà tí ó dí. Ta ni yóò wá fa ọyún tí kò mọ ibi tí ó wà? Ìdí tí àwọn dókítà fi ń béèrè àwòrán nìyẹn.

Ọ̀nà tí a fi ń wo inú ara láìlo ọ̀bẹ kò pẹ́ láyé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1895, Wilhelm Röntgen, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, fi ìtànṣán kan tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ bí yóò ṣe pè é ya àwòrán ọwọ́ aya rẹ̀, Anna Bertha. Egungun ìka hàn ketekete, òrùka sì dúdú lórí rẹ̀. (Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kò kan obìnrin, ẹ rán an létí pé ọwọ́ ìyàwó ilé wà lára ohun tí X-ray kọ́kọ́ yà.) Ní ọdún 1958, Ian Donald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Glasgow kọ̀wé lórí bí a ṣe lè fi ìró tí etí kò lè gbọ́ wo inú ikùn, láti ibẹ̀ ni síkáànù tí gbogbo aboyún mọ̀ ti wá, èyí tí wọ́n ń fi nǹkan tútù pa ikùn fún. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1971, ní ìlú London, wọ́n fi ẹ̀rọ tí Godfrey Hounsfield ṣe ya àwòrán inú orí aláìsàn kan. Ẹ̀rọ CT nìyẹn, síkáànù ńlá tí ó rí bí òrùka, tí a ń ti aláìsàn wọ àárín rẹ̀, tí ó sì ń fi X-ray yàwòrán ara ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, bí ẹni ń gé búrẹ́dì.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan wá láti inú ẹbí tiwa. Àbúrò ọkọ mi kan wà tí mo ń pè ní Ìbàdí-Àrán, nítorí ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ ní orúkọ. Ó bímọ, a sọmọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ, a jẹ, a mu. Ní ọjọ́ kejì ìsọmọlórúkọ ni òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í mú un, tí eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Àwọn àgbà obìnrin ní ibà ọmú ni, pé wàrà ni ó ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì ń fi omi gbígbóná tẹ ikùn rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní orúkọ ọmọ ẹlòmíràn, kò sì tíì tọ̀ láti àná. Ìyá ọkọ mi ni wọ́n pariwo pé kí a gbé e.

Ní ọsibítù tí a gbé e lọ, wọn kò fi àkókò ṣòfò. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n sì gún un ní abẹ́rẹ́ apakòkòrò. Lẹ́yìn náà ni dókítà obìnrin kan, tí n kò rò pé ó tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ, kọ ìwé pé kí a gbé e lọ sí yàrá síkáànù. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan nínú ẹbí ọkọ rẹ̀ ní, “Àwòrán kì í ṣe oògùn. Wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́. Kí ni wọ́n tún ń ya fọ́tò rẹ̀ fún? Ṣé ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ni?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn. Ìyá ọkọ mi yíjú sí mi, wọ́n ní, “Ìyá Tóyìn, ìwọ ni o kàwé. Bá wa bi wọ́n.”

Mo bi dókítà náà pé, “Ẹ jọ̀ọ́, Dókítà, bí a bá ya àwòrán yìí, kí ni yóò yí padà nínú ìtọ́jú rẹ̀?” Kò bínú. Ó ní oògùn ti ń lọ lára, kò sì ní dúró de àwòrán kankan. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yà ibi ọmọ kan ṣẹ́kù sínú ilé-ọmọ tí ó ń jẹrà níbẹ̀, oògùn nìkan kò ní borí rẹ̀, àfi kí wọ́n kó o kúrò. Bí ilé-ọmọ bá sì mọ́, wọn yóò wá onílù náà lọ sí ibòmíràn: bóyá kíndìnrín, bóyá ọmú, bóyá ọyún tí ó kójọ sí ìsàlẹ̀ ikùn. Ó ní, “Bí mo bá gbé e lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ láìwò ó, mo lè máa ha ilé-ọmọ tí kò ní nǹkan kan nínú, kí n sì dá ọgbẹ́ sí i.”

Bàbá tí ó ń jiyàn gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ àpò. Síkáànù náà kò gbà ju ìṣẹ́jú 15 lọ; ẹ̀yà ibi kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Wọ́n kó o kúrò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìbàdí-Àrán sì lo ọjọ́ 11 ní ọsibítù kí ó tó padà sílé wá fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú.

Ẹ ṣàkíyèsí ètò tí wọ́n tẹ̀ lé. Omi ti ń lọ, abẹ́rẹ́ ti wọlé, kí ọ̀rọ̀ àwòrán tó dé. Lórí èyí, àwọn dókítà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àríyànjiyàn. Ìlànà tí ẹgbẹ́ Surviving Sepsis Campaign, àkójọpọ̀ àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, gbé jáde ní ọdún 2021 sọ pé bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ aláìsàn bá ti já wálẹ̀ nítorí àkóràn, kí oògùn apakòkòrò wọ ara rẹ̀ láàárín wákàtí 1. Bí ìfúnpá kò bá tíì já, tí a kò sì dá a lójú pé àkóràn ni, a lè fi àyẹ̀wò kíákíá wá ìdí rẹ̀ fún wákàtí 3, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ìfura bá ṣì wà. Ní ti yíyọ orísun àkóràn, ìlànà wọn ti ọdún 2016 sọ pé wákàtí 6 sí 12 lẹ́yìn tí a bá ti mọ ibi tí ó wà tó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ aláìsàn. Ẹ rí i pé àyè wà fún àwòrán láàárín méjèèjì, ṣùgbọ́n àyè tóóró ni. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá fara balẹ̀ tú èèrà yóò rí ìfun inú rẹ̀. Àkóràn líle kì í fún ni ní irú ìfarabalẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Fún àwọn ìyá ọmọ, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní FAST-M, tí wọ́n dán wò ní àwọn ọsibítù ilẹ̀ Màláwì, níbi tí ohun èlò kò ti pọ̀ ju tiwa lọ. Nínú ohun márùn-ún tí ó wà níbẹ̀, omi ni àkọ́kọ́, oògùn apakòkòrò ni èkejì, wíwá orísun àkóràn àti yíyọ ọ́ ni ìkẹta. Lẹ́yìn náà ni gbígbé aláìsàn lọ sí ibi tí ó tóbi jù bí ó bá yẹ, àti ṣíṣọ́ ọ. Mo fẹ́ràn ètò yìí nítorí pé ó jọ ètò ilé ìdáná: a kì í wá ìdí tí iná fi ràn kí á tó da omi sí i, ṣùgbọ́n bí a bá da omi tán tí a kò wá ìdí rẹ̀, yóò tún ràn.

Ibi tí àríyànjiyàn wà ni irú àwòrán tí ó yẹ àti ìgbà tí ó yẹ. Àwọn dókítà tí ń tọ́jú aláìsàn tí ó wà lẹ́nu ikú kì í fẹ́ gbé e kúrò lórí ibùsùn. Yàrá CT lè jìnnà sí wọ́ọ̀dù; ní ìlú wa, ó tilẹ̀ lè wà ní àdúgbò mìíràn, kí a máa fi ọkọ̀ gbé ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gba inú súnkẹẹrẹ fàkẹẹrẹ. Bí ẹ̀mí bá fẹ́ bọ́ nínú òrùka ńlá yẹn, ta ni yóò tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Nítorí náà ni púpọ̀ nínú wọn fi fẹ́ràn síkáànù kékeré tí a lè ti wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ó ń fi omi inú ẹ̀dọ̀fóró hàn, ó ń fi kíndìnrín tí ó wú hàn, wọn a sì máa wò ó bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ fa ọyún inú ẹ̀dọ̀. Àwọn dókítà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ kíka àwòrán a sì máa dáhùn pé òótọ́ ni, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ inú ìfun máa ń dí síkáànù kékeré lójú, àti pé ọyún tí ó fara pamọ́ sí ẹ̀yìn ìfun, CT ni yóò tú u fó. Ẹjọ́ wọn mìíràn ni pé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kì í kọ ohun tí wọ́n ń wá sórí ìwé. “Síkáànù ikùn” ni wọn yóò kàn kọ, bí ẹni rán ọmọ lọ sọ́jà láìsọ ohun tí yóò rà.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní tiwọn. Àkóràn kan wà tí ó ń jẹ ẹran ara lábẹ́ awọ, tí ó ń sáré bí iná ọyẹ́. Èrò wọn ni pé ẹni tí ó bá ń dúró de àwòrán fún èyí ń fi ẹsẹ̀ aláìsàn tàbí ẹ̀mí rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Ní àdúgbò wa, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án kan ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun, èyí tí gbogbo wa ń pè ní táífọ́ọ̀dù. Wọ́n ti ń fi oògùn àpòpọ̀ wò ó nílé ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Ìgbà tí irú ibà yìí bá ti pẹ́ báyìí lára gan-an ni ó máa ń lu ìfun. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ, ikùn rẹ̀ ti le bí pákó. Wọ́n ya X-ray àyà rẹ̀ ní ìjókòó, afẹ́fẹ́ sì hàn lábẹ́ awọ tí ó pààlà láàárín àyà àti ikùn, níbi tí kò yẹ kí afẹ́fẹ́ wà. Ó tán. Ṣùgbọ́n bàbá ọmọ náà lówó lọ́wọ́, ó sì ń bínú pé X-ray olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ya fún ọmọ òun. Ó ní òun yóò san owó CT, iyekíye tí ó bá jẹ́. Oníṣẹ́ abẹ náà sọ fún un pé CT kò lè sọ ju ohun tí ọwọ́ òun àti X-ray ti sọ lọ, wákàtí tí wọn yóò sì lò níbẹ̀, ìgbẹ́ ni yóò máa tú sínú ikùn ọmọ náà. Wọ́n fún un ní omi àti oògùn, wọ́n sì gbé e wọlé. Ọmọ náà yè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kí egbò ikùn rẹ̀ tó jinná. Ẹ ò rí i pé bàbá ti ìṣáájú kò fẹ́ sanwó, bàbá kejì ń fi owó halẹ̀, ìbéèrè kan náà ni ó sì yẹ kí àwọn méjèèjì bi dókítà.

Lórí àrùn yírunyírun, ìjà náà dé orílẹ̀-èdè Sweden. Láti dá àrùn yìí mọ̀ dájú, a ní láti fa omi díẹ̀ láti ọ̀pá ẹ̀yìn. Àwọn dókítà kan ń bẹ̀rù pé bí ọpọlọ bá ti wú, fífa omi náà lè fa ewu, nítorí náà kí a kọ́kọ́ ya CT orí. Ìlànà Amẹ́ríkà ti ọdún 2004 ka aláìsàn tí iyè rẹ̀ kò pé mọ́ àwọn tí ó yẹ kí a yàwòrán orí wọn ṣáájú. Àwọn ará Sweden yọ èyí kúrò nínú ìlànà tiwọn ní ọdún 2009, nítorí wọ́n rí i pé dídúró de àwòrán ń mú kí ìtọ́jú pẹ́. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2015 fi hàn pé lẹ́yìn ìyípadà náà, aláìsàn ń tètè rí ìtọ́jú, àwọn tí ó ń kú sì dínkù. Síbẹ̀, apá méjèèjì gbà pé bí àwòrán bá gbọdọ̀ ṣáájú, kí abẹ́rẹ́ apakòkòrò ti wọlé kí a tó gbé aláìsàn lọ.

Àìsàn mìíràn tilẹ̀ wà tí kò ní onílù kankan tí ẹ̀rọ lè rí. Ibà ẹ̀fọn, bí ó ti wù kí ó le tó, inú ẹ̀jẹ̀ ni a ti ń wá a, kì í ṣe inú síkáànù. Ní ti òtútù àyà ọmọdé, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti ka èémí: bí ọmọ tí ó wà láàárín oṣù 2 sí oṣù 11 bá ń mí tó ìgbà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí ọmọ ọdún 1 sí 5 tó ìgbà 40, tí ó ń wúkọ́ tàbí tí èémí ń nira fún un, ó ti tó láti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ìyá tí ó ní aago lè ka èyí nílé kí ó sì gbéra lọ sí ọsibítù. X-ray wà fún èyí tí ó le, tàbí tí kò gbọ́ oògùn.

Ẹ̀rù mẹ́ta ni mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn obìnrin. Ọ̀kan ni ìtànṣán. X-ray àyà kan ṣoṣo kò ju ohun tí ara ń gbà láti inú ilẹ̀ àti òfuurufú láàárín ọjọ́ díẹ̀ lọ. CT ikùn pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ó tó ti ọdún 2 sí 3. Nítorí náà a kì í yà á ṣeré, ní pàtàkì fún ọmọdé, ṣùgbọ́n ọyún tí ó wà nínú ikùn lónìí kò ní dúró de ewu tí ó lè dé ní ogún ọdún sí i. Síkáànù aboyún kò ní irú ìtànṣán yẹn rárá. Bí aboyún bá wà nínú ewu, kí ó sọ fún wọn pé òun lóyún. Wọn yóò yan ẹ̀rọ tí ó yẹ, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìyá kú nítorí pé wọ́n ń sá fún ẹ̀rọ.

Èkejì ni omi kan tí wọ́n máa ń gún sínú iṣan kí ọyún lè hàn dáadáa nínú CT. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn dókítà ti ń bẹ̀rù pé omi yìí ń ba kíndìnrín jẹ́, kíndìnrín ẹni tí àkóràn líle bá sì mú ti wà nínú ewu tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ American College of Radiology àti National Kidney Foundation jùmọ̀ kéde pé wọ́n ti sọ ewu náà di ńlá ju bí ó ti rí lọ. Wọ́n ní kí a ṣọ́ra fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n kí a má fi àwòrán tí ẹ̀mí sinmi lé dù ú. Àwọn dókítà kan ṣì ń lọ́ra, n kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí pé ibi tí a ti lè fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dákẹ́ kò pọ̀, owó rẹ̀ kò sì rọgbọ. Ohun tí ó kan ẹbí ni kí wọ́n sọ bí aláìsàn bá ní àrùn kíndìnrín tàbí àtọ̀gbẹ, oògùn tí ó ń lò, àti bí irú omi yìí bá ti bá a jà rí.

Ẹ̀kẹta ni ọmú. Wọ́n máa ń sọ fún ìyá ọmọ pé kí ó fún wàrà rẹ̀ dànù lẹ́yìn tí a bá gún omi yìí fún un. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà obìnrin àti ìgbẹ̀bí ní Amẹ́ríkà ti sọ pé kò sí ìdí fún èyí. Ohun tí ń wọ inú wàrà kò tó ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún omi náà, èyí tí ìfun ọmọ sì ń gbà nínú ìyẹn kò tó ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Bí ara ìyá bá gbà á, kí ó fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú.

Ó ku owó, ibi tí ẹ̀kọ́ tèmi ti wọlé. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé àpò ilé tí kò ní igun kan fún àìsàn òjijì kò tíì pé. Òfin adójútòfò ìlera tí a fọwọ́ sí ní Nàìjíríà ní ọdún 2022 ní kí gbogbo olùgbé ní ètò náà, ṣùgbọ́n àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣì ń ti ọwọ́ bọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní in, ẹ béèrè ní ọjọ́ tí ara le, kì í ṣe ní ọ̀gànjọ́ òru, pé irú àwòrán wo ni ó ń san. Bí owó bá kéré tí a sì ní láti yan ọ̀kan, oògùn àti omi ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún dókítà pé èyí ni ó kù lọ́wọ́. Dókítà tí ó mọ iye tí ó kù lè fi X-ray tàbí síkáànù kékeré ṣe ohun tí ó ti fẹ́ fi CT ṣe. Ẹni tí ojú ń tì láti sọ̀rọ̀ owó a máa lọ, a kò sì ní padà wá. Mo ti rí i.

Kí ẹ sì tọ́jú àwòrán náà. Tiyín ni. Ẹ má ká a, ẹ má fi í sí abẹ́ oòrùn, ẹ kọ ọjọ́ sára àpò rẹ̀, ẹ gbé e lọ́wọ́ bí ẹ bá ń lọ sí ọsibítù mìíràn, nítorí owó tí a ti san lẹ́ẹ̀kan kò yẹ kí a tún un san.

Nígbà mìíràn, àwòrán yóò dé, wọn yóò ní kò sí nǹkan kan. Ayọ̀ máa ń mú kí àwọn ẹbí kan dá oògùn dúró ní ọjọ́ yẹn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé àkóràn wà tí kì í tètè hàn. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, tí egungun ń dùn tí ibà sì mú, lè jẹ́ pé ìnira egungun tí ó máa ń ní tẹ́lẹ̀ ni, ó sì lè jẹ́ pé kòkòrò ti wọ inú egungun náà. Ó ṣòro fún dókítà gan-an láti mọ ìyàtọ̀. X-ray tí a bá yà ní ọjọ́ kẹta lè mọ́ bí àwo, kí ti ọ̀sẹ̀ kejì fi ibi tí egungun ti jẹrà hàn, nítorí pé ó máa ń tó ọjọ́ 10 sí 14 kí egungun tó fi ohun tí ó ń ṣe é hàn nínú X-ray. Ẹ̀rọ MRI lè tètè rí i, síkáànù kékeré náà sì lè rí ọyún tí ó bá kójọ sí ẹ̀gbẹ́ egungun. Bí wọ́n bá ní àwòrán mọ́, tí ọmọ sì ń kígbe síbẹ̀ bí a bá fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ bi wọ́n ní ọjọ́ tí wọn yóò tún un yà.